Fíìmù Inú Àká Jọ́ọ̀sì

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí kò mọ sí ààfin ọba nìkan. Ó bá ẹni tí ń kọ ìtàn wí pẹ̀lú. Eré tẹlifíṣọ̀n kan tí í jẹ́ Doctor Who ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1963 ni BBC ní Lọ́ńdọ̀nù kọ́kọ́ fi eré yìí hàn. Dókítà inú rẹ̀ kì í ṣe oníṣègùn. Arìnrìn-àjò ni, tí ń wọ àpótí búlúù kan kiri láti ayé dé ayé, láti ìgbà dé ìgbà. Nígbà tí ara William Hartnell tí ń ṣe Dókítà kò le mọ́ ní 1966, àwọn tí ó ni eré kò jẹ́ kí ó parẹ́. Wọ́n mú kí Dókítà bọ́ awọ bí ejò, Patrick Troughton sì gba ipò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí BBC ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe eré ni ó ń fi ọwọ́ òsì pa á rẹ́. Téèpù wọ́n, ó sì ṣe é lò lẹ́ẹ̀kejì. Díẹ̀ nínú ohun tí ó yè jẹ́ ẹ̀dà fíìmù tí wọ́n ti tà sí òkèèrè.

Nínú The Enemy of the World, tí wọ́n fi hàn ní ìparí 1967 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1968, apá kẹta nìkan ni ó kù nínú mẹ́fà. Apá yẹn ń falẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tipasẹ̀ rẹ̀ dájọ́ pé eré náà kò dára.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013 ni wọ́n kéde pé Philip Morris ti rí fíìmù nínú àká ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Jọ́ọ̀sì, ní ilẹ̀ wa níhìn-ín. Apá 9 tí ó ti sọnù wà níbẹ̀: 5 ti eré yìí, 4 ti The Web of Fear. Ìgbà náà ni ojú là. Troughton ni Dókítà, òun náà sì ni Salamander, aláṣẹ ìkà. Salamander yìí ti tan àwọn kan sí abẹ́ ilẹ̀ pé ogun ti ba òkè jẹ́. Òun nìkan ní ń jáde, òun nìkan ní ń mú ìròyìn wá fún wọn. Àjákù ìwé ìròyìn kan ni ó tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ kò ha rí i? Ohun tí ó ṣe àwọn ará abẹ́ ilẹ̀ ni ó ṣe àwọn tí wọ́n fi apá kan dá eré alápá mẹ́fà lẹ́bi: ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́.

Kí a má sì yangàn nítorí Jọ́ọ̀sì. Láti 1959 ni tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Bí àjòjì bá lè wá ohun ìní rẹ̀ dé àká wa, ta ni nínú wa ni yóò wá tiwa? Ẹni tí ó bá rí téèpù àtijọ́ nínú àpótí baba rẹ̀, kí ó má ṣe sọ ọ́ sí ààtàn. Ẹlẹ́rìí ni.