Bí kíláàsì ọmọ ṣe lè yí orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù tó jogún padà nínú Java

Nínú Java, kíláàsì ọmọ máa ń jogún ohun tó wà lára kíláàsì òbí. Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ tó bá jẹ́ pé dátábéèsì ti wà nílẹ̀ tipẹ́, tí orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ò sì bá ti òbí mu. Ẹ jẹ́ ká sọ pé òbí ní id, ṣùgbọ́n onibara_id ni wọ́n kọ sínú tábìlì àwọn oníbàárà. A ò lè fọwọ́ kan tábìlì yẹn, torí ètò mìíràn ń lò ó.

JPA, ìlànà tó so Java mọ́ dátábéèsì, tó jáde lọ́dún 2006, tí wọ́n ń pè ní Jakarta Persistence báyìí, ní @AttributeOverride fún irú èyí. Orí kíláàsì ọmọ la máa ń kọ ọ́ sí:

@AttributeOverride(name = "id", column = @Column(name = "onibara_id"))

Name méjì ló wà níbẹ̀ o, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni orúkọ tó ń jẹ́ nínú Java. Ti inú @Column ni orúkọ inú dátábéèsì. Òbí tó ní @MappedSuperclass ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe òbí tó jẹ́ @Entity, tó ní tábìlì tiẹ̀.

Ibi tó ti ń já ọ̀pọ̀ èèyàn kulẹ̀ rèé: kì í ṣe orúkọ nìkan ló ń yí padà. Gbogbo @Column òbí ló ń lọ, tuntun á sì rọ́pò rẹ̀. Ká ní òbí ti kọ updatable = false sórí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà yí i, tí ọmọ wá kọ name nìkan, ààbò yẹn ti lọ nìyẹn. Ẹ̀rọ ò ní pariwo, ètò á máa ṣiṣẹ́ lọ, àfìgbà tí ọjọ́ oníbàárà bá yí padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan lẹ ó tó mọ̀. Nítorí náà, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ṣẹ́ kù, nullable, length àti updatable, ẹ tún wọn kọ.

Ó tún wúlò fún @Embedded. Bí oníbàárà bá ní àdírẹ́sì ilé àti ti ibi iṣẹ́ láti inú kíláàsì kan náà, orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù wọn á kọlu ara wọn, àfi tẹ́ ẹ bá yí ti ọ̀kan padà. Tó bá jẹ́ àjọṣe pẹ̀lú tábìlì mìíràn lẹ fẹ́ yí, @AssociationOverride ni kẹ́ ẹ lò.