Aṣọ Iṣẹ́ Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀rí Ìtàn: Àwọn Obìnrin Tí Ń Tún Ọkọ̀ Òfurufú Ṣe Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì

Òpìtàn tí ó bá ń fi àwòrán ṣe ẹ̀rí nípa ogun kì í pẹ́ gbára lé aṣọ. Aṣọ ni ojú kọ́kọ́ ń rí, òun náà ni ó sì rọrùn jù láti fún lórúkọ: ológun ni ẹni yìí, òṣìṣẹ́ ni tọ̀hún. Ní ti àwọn ọkùnrin tí wọ́n ja Ogun Àgbáyé Kejì (1939-1945), ọ̀nà yìí kì í sábà ṣini lọ́nà, nítorí pé àmì oyè àti àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun wà lára aṣọ wọn. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ní ti àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà tí wọn kì í ṣe ológun, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ òfurufú ogun ń ti ọwọ́ wọn kọjá lójoojúmọ́. Ohun tí bébà yìí ń tẹnu mọ́ ni pé aṣọ lè sọ irú iṣẹ́ tí obìnrin bẹ́ẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹni tí ó gbà á síṣẹ́, áḿbọ̀ńtorí orúkọ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n dá Air Transport Auxiliary sílẹ̀ ní 1939, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa gbé ọkọ̀ òfurufú láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun. Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ti ológun, síbẹ̀ kóòtù aláwọ̀ aró tó kún ni wọ́n ń wọ̀, pẹ̀lú ìlà aláwọ̀ wúrà tí ń fi ipò hàn ní èjìká. Nínú awakọ̀ òfurufú 1,320 tí ó bá ẹgbẹ́ náà ṣiṣẹ́, 168 jẹ́ obìnrin. Nínú onímọ̀ ẹ̀rọ 151 tí ń bá ọkọ̀ fò, obìnrin mẹ́rin péré ni ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá rí àwòrán ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yìí láìsí àlàyé yóò pè é ní ọmọ ogun. Àwọn àgbà ti wí i pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Ní Amẹ́ríkà, òdì kejì rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Àwọn obìnrin tí ń kọ́ bí a ti ń wa ọkọ̀ òfurufú ní Avenger Field, ní Sweetwater ní ìpínlẹ̀ Texas, lábẹ́ ètò WASP, kò rí aṣọ tiwọn gbà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ófàróòlù àwọn ọkùnrin mẹkáníìkì, èyí tí ẹ̀wù àti ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, ni wọ́n kó fún wọn, ó sì tóbi ju ara wọn lọ dé ibi pé wọ́n ní láti ká apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Aṣọ búlúù tí a mọ̀ wọ́n mọ́ kò dé ọwọ́ wọn títí di 1944. Nítorí náà, obìnrin tí ó wọ aṣọ mẹkáníìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ òfurufú lè jẹ́ awakọ̀ tí kò fọwọ́ kan sípánà rí.

Àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe gan-an ńkọ́? Ní oṣù Ògún 1942, Howard R. Hollem ya àwòrán aláwọ̀ mèremère ti àwọn obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìtúnṣe ọkọ̀ òfurufú ọmọ ogun ojú omi ní Corpus Christi, ní Texas. Ìjọba ni ó rán an níṣẹ́, àkọlé àwọn àwòrán náà sì sọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ kan àti ohun tí wọ́n ń ṣe. Bí a bá yọ àkọlé yìí kúrò, kò sí ohun tí yóò ya òṣìṣẹ́ ìjọba ní Corpus Christi sọ́tọ̀ kúrò lára òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni ní California.

Sìkáàfù orí pàápàá kò ṣeé gbára lé. Ẹ̀rọ tí ń yí ni ó sọ ọ́ di dandan, nítorí pé irun gígùn lè há sínú rẹ̀. Ní 1943, òṣèré fíìmù Veronica Lake pa irun tí ó máa ń dà bo ojú rẹ̀ kan tì, kí àwọn òṣìṣẹ́ obìnrin lè fara wé e. Àwọn tí wọ́n wà ní ẹ̀ka ohun ìjà ní sìkáàfù tiwọn tí àwòrán bọ́ǹbù tí ń jó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun ìjà ni iṣẹ́ tiwọn, kì í ṣe ọkọ̀ òfurufú. Nínú àwòrán dúdú-àti-funfun tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa, ta ni yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín bọ́ǹbù kékeré àti tóótòòtó lásán?

Sìkáàfù tóótòòtó ni ó mú kí Naomi Parker pàdánù orúkọ rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Ada, àbúrò rẹ̀, ní ibùdó ọkọ̀ òfurufú ọmọ ogun ojú omi ní Alameda, ní California. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1942, ayàwòrán kan yà á níbi tí ó tẹ̀ síwájú ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ irin. Àwọn ìwé ìròyìn tẹ àwòrán náà jáde, ó sì gé ọ̀kan pamọ́. Ní àárín ọdún 1980 sí 1989, Geraldine Hoff Doyle, tí ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní ilé iṣẹ́ irin ní Michigan ní 1942, rí àwòrán kan náà níbi tí kò ti sí orúkọ, ó sì gbà pé òun ni. Kò sí ẹ̀rí pé ó purọ́. Aṣọ náà jọ tirẹ̀, ojú náà sì jọ tirẹ̀. Àwọn tí ó yẹ kí a bi léèrè ni àwọn tí wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ àwòrán láìwo ẹ̀yìn àwòrán náà. Wọ́n tún so ó mọ́ pósítà “We Can Do It!” tí J. Howard Miller yà fún ilé iṣẹ́ Westinghouse, tí wọ́n gbé kọ́ ní oṣù Èrèlé 1943. Báàjì Westinghouse wà ní ọrùn ẹ̀wù obìnrin inú pósítà yẹn kedere. Kò sí ẹ̀rí tó dájú pé àwòrán Alameda ni Miller wò.

Ní 2011, Naomi rí àwòrán ara rẹ̀ níbi ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà ogun ní Richmond, ní California, orúkọ ẹlòmíràn ni ó sì wà lábẹ́ rẹ̀. James J. Kimble, olùkọ́ yunifásítì kan, ni ó wá orísun àwòrán náà kàn. Àkọlé tí a lẹ̀ mọ́ ọn sọ ọjọ́ (24 oṣù Ẹrẹ́nà 1942), ibi, àti orúkọ. Ní ọjọ́ yẹn, ilé ìwé girama ni Doyle ṣì wà.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí irú ọwọ́ tí ó kọ àkọlé náà. Ẹwà ọmọbìnrin náà jẹ akọ̀wé lógún ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì ń fi bàtà wúwo àti aṣọ dúdú rẹ̀ ṣe àwàdà. Síbẹ̀, àwàdà yẹn ni ó pa orúkọ mọ́ fún ohun tí ó lé ní àádọ́rin ọdún. Kimble tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2016. Naomi Parker Fraley kú ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2018, ní ẹni ọdún 96.