Ọtí Ápù Nínú Ìkòkò, Ọtí Ápù Nínú Owó Alágbàro

Bí òtútù bá mú tán ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ilẹ̀ ti ń ṣú láti nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí òjò wínníwínní kò sì dá, ọbẹ̀ kan wà tí wọ́n máa ń gbé kaná níbẹ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń sè é. Omi ọbẹ̀ náà sì ni sáídà, ìyẹn ọtí tí wọ́n fi èso ápù pọn.

Ọbẹ̀ yìí kò nira. Ẹ gé ejìká ẹlẹ́dẹ̀ bíi kílò 1 sí gìdìgbà gìdìgbà, ẹ fi iyọ̀ àti ata díẹ̀ sí i, ẹ yí i nínú ìyẹ̀fun, kí ẹ dín in nínú òróró díẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi pọ́n. Ẹ kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ dín àlùbọ́sà 2 àti kárọ́ọ̀tì 3 nínú ọ̀rá tó kù. Ẹ wá da ẹran padà, kí ẹ bu ìdajì lítà sáídà tí kò dùn jù lé e lórí, pẹ̀lú omi ẹran díẹ̀, ṣíbí mọ́sítádì 1 àti ewé sage mélòó kan. Ẹ dé e, kí iná rẹ̀ rọra máa jó fún wákàtí 2. Tó bá ku bí ìṣẹ́jú 20, ẹ gé èso ápù 2 sí i. Ẹran ejìká le, iṣan pọ̀ nínú rẹ̀. Iná jẹ́jẹ́ ló ń yọ́ iṣan yẹn, òun ló sì ń mú kí omi ọbẹ̀ ki. Kíkan inú sáídà ni kì í jẹ́ kí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tètè sú ni.

Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ẹlẹ́dẹ̀ láyè, tàbí ẹni tí kì í fẹnu kan ọtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde. Ìtàn la fẹ́ bá yín sọ, ìtàn kì í ṣe èèwọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọtí tí wọ́n ń dà sínú ìkòkò fún adùn lónìí yìí, ó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìjọba àti ará ìlú rí. Ó ti sọ ọwọ́ àwọn èèyàn di rírọ rí. Èyí tó dùn wá jù ni pé wọ́n ti fi san owó iṣẹ́ fún ọmọ èèyàn rí.

Somerset, Devon àti Herefordshire ni a lè pè ní ilé sáídà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ápù tí wọ́n fi ń ṣe é kì í ṣe irú èyí tí à ń rà jẹ lọ́jà. Òmíràn kan, òmíràn korò débi pé ẹni tó bá gé e jẹ á tu ú dànù. Wọ́n sì ní orúkọ bí ọmọ èèyàn. Kingston Black gba orúkọ tirẹ̀ láti abúlé Kingston St Mary nítòsí ìlú Taunton. Redstreak ti Herefordshire ti lókìkí láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Tó bá di ìgbà ìwọ́wé, wọ́n á ṣa ápù jọ, wọ́n á dà á sínú ọlọ olókùúta tí ẹṣin ń fà yípo títí á fi fọ́ yángá. Wọ́n á tò ó léra, koríko gbígbẹ láàárín ìpele kan sí èkejì, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ onígi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí omi rẹ̀ lè jáde. Wọ́n á rọ omi náà sínú àgbá, á máa hó fúnra rẹ̀ títí á fi di ọtí, bí ẹmu ṣe ń hó nínú akèrègbè.

Ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́? Abẹ́ igi ápù yẹn náà lòun wà. Ápù tó bá já bọ́ tó sì ti ń bàjẹ́, òun ló ń jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá fún ápù tán, wọ́n á kó nínú gàgàrà rẹ̀ fún un. Ẹ̀yà ẹlẹ́dẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Gloucestershire Old Spots, funfun ni, àmì dúdú wà lára rẹ̀. Àwọn àgbà ibẹ̀ a máa fi ṣeré pé ápù tó ń já lù ú lórí igi ló dápàá sí i lára. Ọ̀pọ̀ tálákà tó ń gbé inú ilé kótópó lóko ló máa ń sin ẹlẹ́dẹ̀ kan lọ́dún. Kò sí fìríìjì láyé ìgbà náà, nítorí náà ìgbà òtútù ni wọ́n ń pa á, kí ẹran má baà rà. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, iyọ̀ ni wọ́n ń fi pa á mọ́, wọ́n á sì fi kọ́ sókè ààrò. Wọ́n á jẹ díẹ̀ ní tútù, wọ́n á bu fún aládùúgbò, aládùúgbò náà á sì bu tiẹ̀ wá lọ́jọ́ tó bá pa tirẹ̀. Ẹ ò rí i pé òtútù ló mú ẹran àti ọtí pàdé. Bí wọ́n ṣe ń pa ẹlẹ́dẹ̀ ọdún yìí, ọtí èṣí ṣì wà nínú àgbá.

Ohun tó wà nílé gbogbo èèyàn kì í pẹ́ kó tó wọ ìjọba lójú. Ní ọdún 1763, ogun ọlọ́dún méje ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, gbèsè sì ti wọ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́rùn. Lord Bute ni olórí ìjọba nígbà náà. Wọ́n ṣe òfin pé ẹni tó bá ṣe sáídà yóò san ṣílè 4 lórí àgbá ńlá kọ̀ọ̀kan. Owó yẹn dun àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan ló bí wọn nínú. Òfin náà fún agbowó-òde láṣẹ láti wọ ilé onílé, kó wá ka àgbá. Yorùbá ní ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo. Àwọn ará Herefordshire àti Devon náà gbà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlẹ́dẹ̀ ni tiwọn. Wọ́n fárígá, wọ́n sì dáná sun ère Bute ní gbangba. Nílé aṣòfin, William Pitt dìde tako òfin náà. Ohun tí àwọn èèyàn fi ń rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí dòní ni pé ahéré tálákà lè máa jò, atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀ kọjá, òjò lè wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà ni Bute fipò sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1766, wọ́n ti fagi lé òfin tó ń lé agbowó-òde wọ ilé àwọn tó ń ṣe sáídà.

Wọ́n ṣẹ́gun agbowó-òde, ṣùgbọ́n ọ̀tá mìíràn ti wà nínú àgbá láìsọ̀rọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àìsàn kan ti ń bá àwọn ará Devon jà. Inú á máa run wọ́n burúkú burúkú, ìgbẹ́ kò ní yọ, lẹ́yìn náà ọwọ́ á rọ jọ̀bọ̀ láti ọrùn ọwọ́, ẹlòmíràn á sì kú. Àwọn dókítà ní kíkan sáídà ló ń fà á. George Baker, dókítà tí wọ́n bí ní Devon gan-an, bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan tó rọrùn: ṣebí wọ́n ń mu sáídà ní Herefordshire náà, kí ló dé tí àìsàn yìí kò fi bá wọn jà tó bẹ́ẹ̀? Ó gbé sáídà ìpínlẹ̀ méjèèjì yẹ̀ wò, ó sì rí òjé nínú ti Devon, kò rí i nínú ti Herefordshire. Ní ọdún 1767 ló gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Òjé ni wọ́n fi ń so àwọn òkúta ọlọ pọ̀ ní Devon, òun náà ni wọ́n fi ń tẹ́ inú ẹ̀rọ ìfúntí wọn. Kíkan ápù á sì máa jẹ òjé náà díẹ̀díẹ̀ wọnú ọtí.

Ṣé ẹ rò pé wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ó tì o. Àwọn tó ń ta sáídà ní ó fẹ́ ba ọjà wọn jẹ́, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀dàlẹ̀ ọmọ Devon. Síbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń yọ òjé kúrò nínú ọlọ, àìsàn náà sì ń lọ. Ẹ̀kọ́ yẹn kò tíì gbó. Ohun kíkan kì í bá òjé ṣeré. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ tòmátò tàbí ọbẹ̀ sáídà nínú ìkòkò tí wọ́n fi irin àlòkù rọ, tí kò mọ ohun tí wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ ọn, ó yẹ kó ronú lórí ọ̀rọ̀ Baker.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan alágbàro. Ní abúlé Carhampton ní Somerset, lálẹ́ ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní, àwọn èèyàn a máa kóra jọ sábẹ́ igi ápù. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n mú nítorí wọ́n ṣì ń tẹ̀lé kàlẹ́ńdà àtijọ́, èyí tí ìjọba pààrọ̀ ní ọdún 1752. Wọ́n á kọrin fún igi, wọ́n á da sáídà sídìí rẹ̀, wọ́n á fi búrẹ́dì tí wọ́n rì bọ inú sáídà há ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n á sì yìnbọn láti lé ẹ̀mí búburú jìnnà. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ta ọtí sílẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún un. Igi mu ọtí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ṣa èso igi náà ńkọ́?

Ọtí kan náà ni wọ́n ń fún òun, ṣùgbọ́n wọ́n ń kà á mọ́ owó iṣẹ́ rẹ̀. Alágbàro á gbé àgbá kékeré onígi tirẹ̀ wá sóko láàárọ̀, olóko á sì bu sáídà sí i. Pọ́ńtì 3 tàbí 4 lójúmọ́ jẹ́ ohun tó wọ́pọ̀, ó sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ìkórè. Sáídà gidi kọ́ ni wọ́n sì ń fún wọn nígbà gbogbo. Wọ́n lè bu omi sí gàgàrà ápù tí wọ́n ti fún tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tún un fún, kí wọ́n wá bu èyí tó jáde fún òṣìṣẹ́. Bí ọkùnrin náà kò bá mu ọtí, òun ló pàdánù. Bó bá mu ún, ọtí kò ṣeé gbé délé fún ìyàwó àti ọmọ láti jẹ, kò sì ṣeé fi ra bàtà. Òṣìṣẹ́ ń bẹ lóòrùn, ẹni tó máa jẹ ẹ́ ń bẹ níbòji.

Ní ọdún 1862, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Edward Girdlestone dé abúlé Halberton ní Devon. Ó ti ṣiṣẹ́ rí ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí owó iṣẹ́ ti dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rí ọkùnrin tó ní ìyàwó àti ọmọ, tí owó rẹ̀ kò ju nǹkan bíi ṣílè 8 tàbí 9 lọ́sẹ̀, tí wọ́n wá ń fi sáídà tì í lẹ́yìn. Ó bá àwọn olóko sọ̀rọ̀, wọn kò gbọ́. Ló bá kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn ní ọdún 1866. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ibi tí wọ́n ti ń wá òṣìṣẹ́, ó sì ran ọgọ́rọ̀ọ̀rún alágbàro lọ́wọ́ láti kó kúrò lọ síbi tí wọ́n á ti san owó tó mọ́yán lórí fún wọn. Àwọn olóko ìjọ rẹ̀ kórìíra rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. Ní ọdún 1887, ilé aṣòfin fi kún Òfin Truck, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ sí ọtí nínú ohun tí olóko bá alágbàro rẹ̀ ṣàdéhùn pé òun yóò san. Oúnjẹ lè wà níbẹ̀, ilé lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọtí kò gbọ́dọ̀ sí. Àṣà náà kò kú lọ́jọ́ kan, ó ṣì ń rìn lábẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, òfin ti wà lẹ́yìn òṣìṣẹ́.

Ẹni tó bá ti bá wọn ṣe ọ̀wẹ̀ rí nílẹ̀ Yorùbá á tètè lóye ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ á se oúnjẹ, á gbé ẹmu kalẹ̀, ẹ ó mu ún, ẹ ó ṣàwàdà. Kò sẹ́ni tó ń ka agbè mélòó lo mu, torí ẹmu kọ́ ni owó yín. Ohun tí ọlọ́wẹ̀ jẹ yín ni pé bó bá di ọjọ́ tiyín, òun náà á gbé ọkọ́ wá. Àlejò ni ọtí ọ̀wẹ̀ ń ṣe. Ọtí ti olóko Devon, ìwé gbèsè ló wà fún, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń kọ ọ́.

Lónìí, sáídà wà nínú ìgò àti agolo ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní Ìlú Ọba. Àwọn èèyàn wa tó wà níbẹ̀, bí òtútù bá ń gé yín létí, tí ọbẹ̀ ata bá sì ti sú yín, ẹ lè dán ọbẹ̀ yìí wò. Bí ẹ bá ju ata rodo kan sí i, agbowó-òde kankan kò ní kanlẹ̀kùn. Bí ẹni tó bá yín tún ilé ṣe tàbí tó bá yín ṣa oko bá sì wà nítòsí, ẹ pè é kó wá jẹun, kí ẹ bu ọtí fún un kó mu tẹ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ san owó rẹ̀ ná.