Pípààrọ̀ Ẹ̀rọ Láìdá Iṣẹ́ Dúró: Ìtàn Ẹ̀rọ Inú Ẹ̀rọ láti Ọdún 1964

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń retí kí n sọ̀rọ̀ lórí ogun tàbí lórí oyè jíjẹ, nítorí pé ohun tí a mọ òpìtàn mọ́ nìyẹn. Ìtàn ohun èlò ni mo gbé wá lónìí, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ ní sáfà mẹ́ta. Sáfà ni kọ̀ǹpútà ńlá tí ń pèsè iṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn. Orí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò, ìwé owó oṣù àti lẹ́tà gbogbo òṣìṣẹ́ wà. Àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀yà tuntun rọ́pò ètò tí ń darí àwọn sáfà náà, wọ́n sì kéde fún wa pé kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Ní òru ọjọ́ náà, wọ́n mú sáfà kìíní kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, méjì tó kù ti rì mọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹrù. Ibi tí a kó orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí bàjẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ kú lójijì, ó sì gba ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n tó tò ó padà. Àárín ọjọ́ mẹ́rin náà ni gbèdéke ìforúkọsílẹ̀ bọ́ sí. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá bẹ̀. Mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí gbogbo ẹ̀bi di ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣoṣo tí ń tọ́jú ẹ̀rọ, tí wọ́n ń bi í léèrè pé, ‘Ṣé ìwọ kò mọ̀ pé ẹ̀rọ yìí máa ń ṣe é fúnra rẹ̀ ni?’

Gbólóhùn yẹn, pé ẹ̀rọ máa ń ṣe é fúnra rẹ̀, ni mo wá yẹ̀ wò. Mo fẹ́ bi ìtàn léèrè bóyá òótọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi. Ní ìparí ọdún 1964, ní ìlú Cambridge ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ IBM kan tí Robert Creasy jẹ́ aṣáájú wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ètò kan tí wọ́n pè ní CP-40. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà tóbi, ó wọ́n bí ojú, ó sì kéré sí iye ènìyàn tí ń fẹ́ lò ó. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí wọ́n má pín iṣẹ́ fún ènìyàn, kí wọ́n pín kọ̀ǹpútà náà gan-an, kí olúkúlùkù rí i bí ẹni pé tirẹ̀ nìkan ni. Ètò alámòójútó kan jókòó sí ìsàlẹ̀, ó di irin mú. Lórí rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà mìíràn wà, tí kò ní irin, tí kò ní wáyà, ṣùgbọ́n tí ń hùwà bíi kọ̀ǹpútà ní gbogbo ọ̀nà. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní virtual machine. Èmi yóò máa pè é ní ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ. Nígbà tí CP-40 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi ní oṣù kìíní ọdún 1967, ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ 14 ni ó lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1972, IBM kéde VM/370 fún títà, ọgbọ́n náà sì kúrò ní àṣírí yàrá ìwádìí.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, Gerald Popek àti Robert Goldberg kọ ìwé tí ó sọ ohun tí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní kí a tó lè fi ẹ̀rọ mìíràn sínú rẹ̀. N kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Kókó kan péré nínú rẹ̀ ni a ó nílò: gbogbo àṣẹ tí ó bá kan irin gbọ́dọ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ alámòójútó. Bí àṣẹ kan bá lè yọ́ kẹ́lẹ́ kọjá láìjẹ́ pé alámòójútó mọ̀, ìró ni gbogbo rẹ̀ yóò já sí. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà kékeré onírúurú Intel tí ó kún ọjà lẹ́yìn ọdún 1981, irú àṣẹ ayọ́kẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọgbọ́n yìí fi sùn fún ìgbà pípẹ́ lọ́dọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù, tí ó jẹ́ pé ilé olówó nìkan ni ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ibí yìí ni mo ti bá àwọn tí ń ta ẹ̀rọ yapa. Bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn náà, lójijì ni ilé-iṣẹ́ VMware gbé VMotion jáde ní ọdún 2003, tí ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lórí sáfà kan lọ sórí òmíràn láìdúró, bí ẹni pé kò ní òbí. Ó ní òbí, wọ́n sì ju ẹyọ kan lọ.

Òbí kan ni ètò V, tí David Cheriton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní yunifásítì Stanford. Wọ́n ṣàkíyèsí pé púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ni kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní kí iṣẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kún lọ bá kọ̀ǹpútà tí ó ṣófo. Ṣùgbọ́n bí onílé bá dé ńkọ́? Àlejò gbọ́dọ̀ dìde fún un ni, kì í sì í ṣe kí iṣẹ́ àlejò náà ṣòfò. Nínú ìwé tí Marvin Theimer, Keith Lantz àti Cheriton gbé jáde ní ọdún 1985, wọ́n ṣàlàyé ọgbọ́n tí a ṣì ń lò títí di òní: ẹ máa da ìrántí ètò náà kọ sí ibùgbé rẹ̀ tuntun nígbà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ ní ibùgbé àtijọ́, ohun tí ó bá yí padà nígbà tí ẹ ń dà á kọ, ẹ padà lọ mú un, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí tí èyí tó kù yóò fi kéré jọjọ, nígbà náà ni kí ẹ tó dá a dúró fún ìṣẹ́jú bíńtín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé inú ìṣirò ni ẹwà rẹ̀ wà. Ká ní ìrántí ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ kan jẹ́ 8,000 mẹ́gábáìtì, tí ọ̀nà tí a fẹ́ gbé e gbà lè kó 125 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣẹ́jú-àáyá 64 ni ìrìn àkọ́kọ́ yóò gbà. Bí ẹ̀rọ náà bá ń yí 10 mẹ́gábáìtì padà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, 640 ni yóò ti yí padà kí a tó parí. Ìrìn kejì yóò gba bí ìṣẹ́jú-àáyá 5. Nínú 5 yẹn, bí 51 ni yóò yí padà. Ìrìn kẹta kò ní tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá. Ní ìrìn kẹrin, nǹkan bíi 4 mẹ́gábáìtì ni ó kù, a sì lè dá ẹ̀rọ náà dúró kí a gbé e láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú ìṣirò yìí dáadáa. Bí ẹ̀rọ náà bá ń yí ìrántí rẹ̀ padà kíákíá ju bí ọ̀nà ti lè kó o lọ, a kò ní dé ibẹ̀ láéláé. Ẹni tí ń fi apẹ̀rẹ̀ pọn omi ni a jọ.

Òbí kejì ni VAXcluster, tí ilé-iṣẹ́ Digital kéde ní ọdún 1983. Igi kan kì í dá igbó ṣe: ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni wọ́n so pọ̀ di agbo kan, tí gbogbo wọn ń lo ibi ìpamọ́ kan náà. Láti inú agbo yìí ni àṣà wa ti wá, pé kí a mú ọ̀kan jáde, kí a tún un ṣe, kí a dá a padà, kí a tó kan èkejì, tí àgbà àti ọ̀dọ́ yóò sì jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ìgbà díẹ̀ nínú agbo kan náà. Òfin ìbò sì wà níbẹ̀. Agbo kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ àfi bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ bá ń gbọ́ ohùn ara wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, apá méjì tí wọ́n yapa lè máa kọ ohun tó takora sínú ìwé kan náà. Bí a bá mú ọ̀kan kúrò nínú mẹ́ta, méjì ṣì jẹ́ ọ̀pọ̀. Bí ọ̀kan bá tún ṣubú, ẹyọ tó kù kò lè dá pàṣẹ.

Nígbà tí Mendel Rosenblum àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jí ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ dìde ní Stanford ní ọdún 1997 pẹ̀lú ètò Disco, tí àwọn àti Diane Greene sì dá VMware sílẹ̀ ní ọdún 1998, a ti rí i pé gbogbo igi ilé ti wà nílẹ̀. Wọ́n rí ọ̀nà dí àwọn àṣẹ ayọ́kẹ́lẹ́ inú ẹ̀rọ Intel, èyí tí àwọn tó ń ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ wá tún ṣe fúnra wọn ní ọdún 2005 àti 2006. N kò fi ọwọ́ rọ́ iṣẹ́ wọn tì. Ohun tí mo ń sọ ni pé kíkó gbogbo ẹ̀rọ lódindi rọrùn ju kíkó ètò kan ṣoṣo lọ, nítorí pé ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ ń gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ dání, kò fi gbèsè kankan sílẹ̀ ní ilé àtijọ́. Èyí ni ohun tí ètò V kò ní, òun sì ni ó mú kí ọgbọ́n ọdún 1985 so èso.

Ó dùn mọ́ mi pé Cambridge kejì, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà wọ inú ìtàn yìí. Ibẹ̀ ni Ian Pratt, Keir Fraser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ṣe ètò Xen, tí wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 2003. Ní ọdún 2005, àwọn àti àwọn onímọ̀ kan láti Copenhagen gbé ìwé jáde lórí kíkó ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ lọ láàyè. Eré orí kọ̀ǹpútà kan, Quake 3, ni wọ́n fi dán an wò. Wọ́n gbé sáfà eré náà kúrò lórí irin kan sórí òmíràn nígbà tí àwọn òṣèré ṣì ń yìnbọn fún ara wọn. Ìdádúró rẹ̀ jẹ́ 60 nínú 1,000 ìpín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìpajú ènìyàn pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn tó kọ ìwé náà kò sọ pé kò dúró rárá. Wọ́n wọn ìdádúró náà, wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tí ń tà á ni wọ́n sọ 60 di òfo.

Láti ìgbà náà, àtúnṣe tó dé kò yí ìpìlẹ̀ padà. Ní ọdún 2007, KVM, tí ẹnikẹ́ni lè lò láìsanwó, wọ inú Linux. Ní ọdún 2008, VMware wá ojútùú sí ọ̀ràn ọpọlọ ẹ̀rọ tí ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba: ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ tí ó ti mọ àṣẹ tuntun lórí irin tuntun kò lè padà sórí irin àgbà tí kò gbọ́ àṣẹ náà, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń mú kí gbogbo agbo máa sọ èdè àgbà títí àgbà ìkẹyìn yóò fi kúrò.

Mo padà sí ilé-ẹ̀kọ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo béèrè ìwé ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fún mi, bóyá nítorí pé wọn kò rò pé òpìtàn lè kà á. Sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó kún dé ìwọ̀n 80 nínú 100. Àpapọ̀ ẹrù wọn jẹ́ 240. Sáfà méjì kò lè gbé ju 200 lọ. Ẹrù 40 kò ní ibi tí yóò gbé orí lé, láti ìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n ṣe é. Nínú gbogbo ìtàn tí mo sọ yìí, láti orí kọ̀ǹpútà aláìníṣẹ́ ti Stanford títí dé orí agbo Digital, àyè òfìfo ni ó kọ́kọ́ wà kí ìṣípò tó ṣeé ṣe. Ẹ̀rọ kò dá àyè sílẹ̀ fúnra rẹ̀ rí. Owó ni a fi ń rà á, ẹni tí ń fọwọ́ sí owó sì kọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Mo rí ìwé méjì tí ó ti kọ ṣáájú, tí ó fi ń béèrè sáfà kẹrin. Kò sí èsì kankan lórí ọ̀kankan nínú wọn.

Mo kọ èyí sínú ìròyìn ìgbìmọ̀ náà. Wọ́n gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti forúkọ sílẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ púpọ̀. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, sáfà kẹrin dé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń kọ lẹ́tà lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kan ilẹ̀kùn mi, tí ó ní, ‘Ẹ kú iṣẹ́, sà. A ti pààrọ̀ ètò ìdí ẹ̀rọ tí ẹ ń lò yìí láàárọ̀, a mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan.’ Mo bi í pé ní agogo mélòó. Ó sọ ọ́ fún mi. Mo wo lẹ́tà tó wà níwájú mi, mo sì rí i pé àárín ìpínrọ̀ kejì ni mo wà nígbà náà.