Ìmùlẹ̀ Tíì Oníwàrà

Ìmùlẹ̀ Tíì Oníwàrà ni a ń pe àjọṣe àwọn ọ̀dọ́ Táílàndì, Hong Kong, Táíwàn àti Myanmar tí wọ́n ń fi íntánẹ́ẹ̀tì gbèjà ìjọba tiwa-n-tiwa. Kò ní ààrẹ, kò ní akọ̀wé. Àkọlé #MilkTeaAlliance tí wọ́n ń kọ mọ́ ọ̀rọ̀ wọn lórí Twitter ni ó so wọ́n pọ̀.

Oṣù kẹrin ọdún 2020 ni ó ṣẹ̀, nígbà tí Vachirawit Chivaaree, gbajúmọ̀ òṣèré Táílàndì, fi àmì ìfẹ́ sí àwọn àwòrán kan tí a ti ka Hong Kong, tí Ṣáínà kà sí apá ara rẹ̀, mọ́ orílẹ̀-èdè, tí ogunlọ́gọ̀ ọmọ Ṣáínà sì tú jáde láti bú u. Àwọn ọ̀dọ́ Táílàndì fèsì, ti Hong Kong àti Táíwàn gbè wọ́n. Tíì tí wọ́n ń bu wàrà sí ní ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí àwọn ará Ṣáínà kì í sábà bu wàrà sí, ni wọ́n fi sọ ìmùlẹ̀ náà lórúkọ.

Àrùn tí ń ṣe Aboyadé, gbogbo ọlọ́ya ní í ṣe. Nítorí náà ọgbọ́n tí àwọn ọ̀dọ́ Hong Kong fi ìyà kọ́ ní ọdún 2019, nígbà tí wọ́n tako òfin tí ìbá máa kó afurasí lọ jẹ́jọ́ ní Ṣáínà, ni ó wọ ìwọ́de àwọn ọ̀dọ́ Bangkok ní ọdún 2020. Orí Telegram ni wọ́n ti ń dá ibi ìpéjọ. Agboorùn ni wọ́n ń ṣí sí omi tí ọlọ́pàá ń fín. Bí ẹni tí ó wà níwájú bá sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí, àwọn tí ó wà lẹ́yìn mọ̀ pé àṣíborí ni ó ń béèrè, wọn a sì máa gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí yóò fi kàn án.

Àjọṣe yìí ti ní gbòǹgbò ṣáájú orúkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, Netiwit Chotiphatphaisal, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Chulalongkorn, pe Joshua Wong, ọ̀dọ́ ajàjàgbara Hong Kong, wá sọ̀rọ̀. Àwọn aláṣẹ Táílàndì dá a padà ní pápákọ̀ òfuurufú Bangkok, ó sì ti Hong Kong bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí ológun gba ìjọba Myanmar ní ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2021, tí wọ́n ti Facebook pa, tí wọ́n tún ti Twitter àti Instagram, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ fi VPN, ètò tí ń mú ni kọjá ìdènà íntánẹ́ẹ̀tì, yọ́ gba ẹ̀yìn, wọ́n na ìka mẹ́ta sókè fún àtakò bí ti àwọn ọ̀dọ́ Táílàndì, wọ́n sì di ara ìmùlẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, Twitter ṣe àmì ife tíì fún àkọlé wọn, bí ó ti ṣe àmì ìkúùkù fún #EndSARS tiwa ní ọdún 2020. Twitter ní ó ti lé ní mílíọ̀nù 11 ìgbà tí a kọ #MilkTeaAlliance láàárín ọdún kan.

Iyì ńlá ìmùlẹ̀ yìí ni pé kò jẹ́ kí a fìyà jẹ ọ̀dọ́ kan ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ lórí ìbọn, kò sì ní àṣẹ lórí ilé ẹjọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ Hong Kong rán ènìyàn 45 lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí ìdìbò abẹ́lé tí wọ́n ṣe ní ọdún 2020. Ọdún 4 àti oṣù 8 ni wọ́n dá fún Joshua Wong.