Ètò Ohùn Orin Lórí Gìtá Jùjú

Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà wà lára àwọn tó tan ọgbọ́n fífi ìka méjì ta gìtá ká etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Èkó gbà á, jùjú sì gbilẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Etí ni púpọ̀ nínú wọn fi kọ́ ọ.

Ètò ohùn tí Òyìnbó ń pè ní mode kò ṣòro láti há sórí. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ló ṣòro: bí orin bá wálẹ̀ níbi tó yẹ kó gòkè, ọkọ́ di ọkọ̀. Àwọn orin ìsìn tí a tú sórí ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún 19 jìyà èyí gidigidi. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fẹnu sọ gbólóhùn kan, kí ó wá a lórí okùn gìtá, kí ó tó fi ìka tọ ètò náà.