Orí Ère àti Odindi Ère: Àwòrán Àtòsí Gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Àwòrán àtòsí ni èyí tí a fi ẹ̀rọ ayàwòrán sún mọ́ nǹkan títí ojú tàbí ọwọ́ nìkan yóò fi gba gbogbo àyè. G. A. Smith ti lo irú rẹ̀ nínú sinimá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1900. Ó ń fi ohun tí a lè fojú fò hàn. Ó sì ń yọ ohun náà kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ipa méjèèjì yìí hàn gbangba nínú ọ̀ràn àwọn ère òkúta Èsìẹ́, nítòsí Òrò.

Àwọn ará Èsìẹ́ ti ń bọ ère wọ̀nyí kí H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé-ìwé ìjọ C.M.S., tó ròyìn wọn ní 1933. Wọ́n lé ní 1,000. Ní 1978 ni Phillips Stevens tẹ ìwé jáde lórí wọn, tòun ti àwòrán. Láti ìtòsí ni a ti ń rí ilà ojú àti irun dídì tí ó ya ère kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Bí olè bá gbé orí ère kan lọ, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni a ó fi dá a mọ̀.

Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ère náà ni ó ti fọ́. Àwòrán orí nìkan kò fi hàn bóyá orí náà ti já ni, tàbí ayàwòrán ni ó yọ ara sílẹ̀. Kò fi àpótí ìjókòó tàbí idà hàn, èyí tí a lè fi mọ ipò. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sì sọ pé àlejò tí ó di òkúta ni wọ́n, tọba tìjòyè: àwùjọ ni, kì í ṣe ojú kan.

Ìwádìí Stephen Sprague ní Ìlá Ọ̀ràngún, tí ó jáde ní 1978 bákan náà, ti èyí lẹ́yìn. Nínú àwòrán iyì níbẹ̀, àgbàlagbà a jókòó, a kọjú sí ẹ̀rọ, aṣọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì hàn tán.

Nítorí náà, àwòrán àtòsí ń sọ ẹni tí ère jẹ́. Odindi àwòrán ń sọ ipò rẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí ó bá fi ọ̀kan sílẹ̀ kò tíì pé.